Ìró Mẹ́ta Lórí Òṣùwọ̀n

Òórùn kòkó tí kò tíì gbẹ tán kì í ṣe òórùn tí àlejò máa ń fẹ́ràn. Ó kan, ó sì mú, ó máa ń dúró sára aṣọ bí ẹni pé wọ́n da ẹmu àná sí i. Ṣùgbọ́n bí mo bá gbọ́ òórùn yìí níbikíbi lónìí, àgbàlá ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ní Iléṣà ni ọkàn mi máa ń lọ tààrà: àwọn ẹní tí a tẹ́ sínú oòrùn, kòkó tí àwọ̀ rẹ̀ pọ́n lórí wọn, adìẹ tí ẹnì kan ń lé ní gbogbo ìgbà, àti òṣùwọ̀n onírin ńlá kan tí ó dúró lábẹ́ àtíbàbà páànù bí àgbàlagbà tí kò ní iṣẹ́ mìíràn ju kí ó máa wo ẹni tí ń wọlé. Nínú àgbàlá yẹn, ní apá ìparí àwọn ọdún 1990, ni ohun tí mo fẹ́ sọ yìí ti bẹ̀rẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi ń ra kòkó lọ́wọ́ àwọn àgbẹ̀ abúlé, láti apá Ìfẹ̀wàrà títí dé ìtòsí Òṣú. Òun ni ó tọ́ mi dàgbà lẹ́yìn tí ìyá wa kú. Nítorí náà, bí mo tilẹ̀ ń gbé ní Ìgbóná ní Òṣogbo, tí mo ń kọ́ àwọn ọmọ girama ní báyọ́lọ́jì, mo máa ń rí i dájú pé mo lọ kí i ní ìparí oṣù. N óò jókòó sórí àpótí, n óò máa wò ó bí ó ti ń ṣiṣẹ́. Bí àgbẹ̀ bá gbé àpò wá, kì í kọ́kọ́ wo òṣùwọ̀n rárá. Yóò ki ọwọ́ bọ inú àpò dé ìgbọ̀nwọ́, yóò fa kòkó jáde láti ìsàlẹ̀, yóò fọ́ ọ sí méjì, yóò sì gbọ́ bí ó ti dún. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé àwọn kan máa ń wọ́n omi sí kòkó kí ó lè wúwo, àwọn mìíràn a sì fi òkúta pamọ́ sí àárín rẹ̀. Níṣojú mi ni ó ṣe dá ọkùnrin kan padà ní gbangba lọ́jọ́ kan.

“Kòkó ni mo ń rà,” ó wí fún un. “N kò ra omi, n kò sì ra òkúta. Máa gbé e lọ.”

“Ìyá Ìjọ, ẹ ṣàánú mi.”

“Àánú wà ní ṣọ́ọ̀ṣì. Òṣùwọ̀n ló wà níbí.”

Ìyá Ìjọ ni gbogbo ènìyàn ń pè é, nítorí oyè tí àwọn obìnrin ṣọ́ọ̀ṣì wọn fi dá a lọ́lá. Oyè náà bá a mu. Ó ga, ó sanra, bí ó bá sì ń bọ̀ ní ojú ọ̀nà, ènìyàn á rò pé ilé kan ni ó ń ṣí kiri. Mo sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú ìfẹ́ ni o, torí pé bí ó ti sanra yẹn jẹ́ ohun iyì fún gbogbo wa. Bí àwọn ènìyàn bá ti ń kí i pé ara rẹ̀ ń dán, ọkọ rẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Káfíńtà tí ó ti fẹ̀yìn tì ni ọkọ rẹ̀, ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí ohùn rẹ̀ rọ̀, ó sì gbà pé ara ìyàwó òun ni ẹ̀rí pé òun kò fi ìyà jẹ ẹ́. Ní ìlú wa nígbà yẹn, bí obìnrin bá rù, ọkọ rẹ̀ ni a ó béèrè lọ́wọ́ rẹ̀. Ti oúnjẹ kò sì ṣòro. Uyán, bí àwa Ìjẹ̀ṣà ti ń pe iyán, ni oúnjẹ ẹ̀gbọ́n mi. Gẹ́gẹ́ bí Ìyá Ìjọ, kò sí ilé ìsọmọlórúkọ tàbí ilé ọ̀fọ̀ tí kò ní dé, kò sì sí ilé tí ó dé tí wọn kò ní gbé uyán ka iwájú rẹ̀. Kí ènìyàn kọ̀ ọ́ kò dára. Kì í kọ̀ ọ́.

Ní òwúrọ̀ Sátidé kan, mo jókòó sórí àpótí mi, ẹ̀gbọ́n mi sì bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láti ran ọkùnrin kan lọ́wọ́ kí wọ́n jọ gbé ẹ̀gbẹ́ àpò kan. Kò gbé e dé ibì kankan. Ó rọra jókòó sílẹ̀ nínú kòkó, bí ẹni tí ó ti fẹ́ jókòó tẹ́lẹ̀, ó sì fi ọwọ́ lé àyà. Òógùn bo iwájú orí rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni oòrùn kò tíì mú.

“Tíṣà,” ó pè mí, nítorí kì í pe orúkọ mi. “Ó dà bí ẹni tí wọ́n fi okùn di àyà mi.”

Ọkọ rẹ̀ sáré jáde láìwọ bàtà. A gbé e lọ sí ilé ìwòsàn nínú mọ́tò akẹ́rù tí ó wá kó kòkó, òun nínú iwájú mọ́tò, àwa méjèèjì lẹ́yìn láàárín àpò. N kò lè gbàgbé bí ọkọ rẹ̀ ṣe ń fi ọwọ́ gbá irin mọ́tò náà jẹ́jẹ́, bí ẹni tí ń tu ẹṣin nínú kí ó lè sáré sí i.

Dókítà tí ó wà lẹ́nu iṣẹ́ jẹ́ obìnrin, ọ̀dọ́ ni. Ó ń yẹ ẹ̀gbọ́n mi wò kíákíá, kò wo ojú ẹnikẹ́ni. Ìgbà tí ó fún un ní oògùn tán, tí okùn àyà náà ti tú díẹ̀, ni ó tó yíjú sí mi láti béèrè irú ẹni tí mo jẹ́ sí i. Ó wò mí, ó sì tún mi wò.

“Ha, sà! Ẹ̀yin ni?”

Kí n tó dáhùn, ó ti kúnlẹ̀ sí àárín ọ̀dẹ̀dẹ̀, pẹ̀lú ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gbọ́ àyà lọ́rùn rẹ̀. Ọ̀kan nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi ní Òṣogbo ni, ọmọbìnrin tí ó máa ń jókòó níwájú, tí ó sì máa ń béèrè ìbéèrè lẹ́yìn tí aago bá ti lù, tí àwọn yòókù á máa kùn sí i. Mo ní kí ó dìde. Inú mi dùn, ẹ̀rù sì ń bà mí, méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà.

Wọ́n dá ẹ̀gbọ́n mi dúró fún ọjọ́ díẹ̀. Dókítà sọ fún wa pé ọkàn rẹ̀ kò tíì bàjẹ́, ìkìlọ̀ ni ó ṣe. Ẹ̀jẹ̀ ríru ni, ó sì ti wà lára rẹ̀ fún ìgbà pípẹ́ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni mọ̀. Ní ọ̀sán ọjọ́ kejì ó wá jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn, ó mú téèpù bíi ti aránṣọ jáde nínú àpò, ó sì wọn ìbàdí ẹ̀gbọ́n mi yí ká. Lẹ́yìn náà ó yíjú sí mi, ó ń rẹ́rìn-ín bí ìgbà tí ó ṣì wà ní kíláàsì.

“Sà, ẹ rántí ohun tí ẹ kọ́ wa nípa ọ̀rá?”

“Mo rántí,” mo dáhùn. “Àká ni ọ̀rá. Ibẹ̀ ni ara ń kó agbára pamọ́ sí fún ọjọ́ tí oúnjẹ kò bá sí.”

“Bẹ́ẹ̀ ni, sà. Ẹ fún mi ní máàkì lórí rẹ̀. Ṣùgbọ́n, ẹ má bínú, sà, wọ́n ti wá rí i báyìí pé àká náà ń sọ̀rọ̀.”

Mo ti ń kọ́ ọmọ ènìyàn fún ọ̀pọ̀ ọdún nígbà náà, mo sì mọ bí ó ti rí láti tún ọ̀rọ̀ ọmọdé ṣe láìdójú tì í. N kò mọ bí ó ti rí kí ọmọ náà dàgbà, kí ó wá fi ọ̀nà kan náà tún tèmi ṣe. Ó dára púpọ̀. Mo fa àga sún mọ́ ọn.

Ẹ̀gbọ́n mi ni ó kọ́kọ́ béèrè láti orí ibùsùn. “Àká ń sọ̀rọ̀? Ta ni ó ń bá sọ̀rọ̀?”

“Ó ń bá ọpọlọ yín sọ̀rọ̀, màmá. Ó ń bá ọkàn yín sọ̀rọ̀, ó sì ń bá iṣan ẹ̀jẹ̀ yín sọ̀rọ̀.” Ó ronú díẹ̀. “Ṣé ẹ ní àwọn tí wọ́n ń bá yín dúró ní abúlé, tí wọ́n ń ránṣẹ́ sí yín nípa kòkó?”

“Mo ní wọn. Àwọn kan ń sọ òtítọ́, àwọn kan ń da orí mi rú.”

“Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ọ̀rá ṣe ń ránṣẹ́ inú ẹ̀jẹ̀. Họ́mónù ni a ń pe irú oníṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Nígbà tí ọ̀rá bá mọ níwọ̀n, oníṣẹ́ kan máa ń lọ sọ fún ọpọlọ pé oúnjẹ ti tó. Òmíràn ń bá iṣan ẹ̀jẹ̀ tọ́jú ara rẹ̀, kí inú rẹ̀ lè máa dán, kí ó sì rọ̀. Ṣùgbọ́n bí ọ̀rá bá pọ̀ jù, pàápàá èyí tí ó wà nínú ikùn, ọ̀rọ̀ á dàrú. Ẹni tí ń sọ pé ó ti tó á máa pariwo títí ọpọlọ kò fi ní gbọ́ ọ mọ́. Ẹni tí ń tọ́jú iṣan á dín kù. Àwọn tí ń sọ fún iṣan pé kí ó fún ara rẹ̀ pọ̀, àwọn ni yóò wá pọ̀. Bẹ́ẹ̀ ọkàn yín gbọ́dọ̀ máa ti ẹ̀jẹ̀ kọjá nínú iṣan tí ó ti fún. Bí ẹnì kan bá fi ẹsẹ̀ tẹ rọ́bà tí omi ń gbà kọjá mọ́lẹ̀, kí ni ẹ̀rọ tí ń fa omi máa ṣe?”

“Yóò máa kérora,” ọkọ ẹ̀gbọ́n mi dáhùn láti ẹnu ọ̀nà. A kò mọ̀ pé ó ti ń gbọ́.

“Okùn tí ó di àyà mi nìyẹn,” ẹ̀gbọ́n mi wí.

Dókítà náà mi orí sí i. Lẹ́yìn náà ni ó sọ ohun tí mo fi bẹ̀rẹ̀ sí í bọ̀wọ̀ fún un gidi, kì í ṣe bí akẹ́kọ̀ọ́ mi mọ́. Ó ní, “A kò tíì mọ gbogbo rẹ̀ o, màmá. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rí díẹ̀ nínú àwọn oníṣẹ́ yìí ni, àwọn mìíràn kò tíì ní orúkọ. N kò fẹ́ sọ ju ohun tí mo mọ̀ lọ. Ṣùgbọ́n a mọ̀ pé bí ikùn bá fà wọlé, ẹ̀jẹ̀ ríru máa ń wálẹ̀.” Mo ti bá àwọn olùkọ́ àgbà ṣiṣẹ́ tí ẹnu wọn kò lè gbé irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ jáde láéláé.

Ẹ̀gbọ́n mi fi ọwọ́ ra ikùn ara rẹ̀. “Ó dára,” ó wí. “Kí a dín àwọn oníṣẹ́ náà kù.”

Ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í dín wọn kù. Ní àárọ̀, kí àwọn àgbẹ̀ tó dé, ó ń rìn láti ilé lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, ó sì ń rìn padà, ọkọ rẹ̀ a máa tẹ̀ lé e pẹ̀lú àga kékeré kan tí ó kàn fúnra rẹ̀, nítorí bí ó bá rẹ̀ ẹ́. Kò fi uyán sílẹ̀ pátápátá, ṣùgbọ́n uyán náà wá kéré tó bẹ́ẹ̀ tí ọkọ rẹ̀, tí ó ń gún un, béèrè bóyá ọmọlangidi kan ń bọ̀ wá jẹun. Ẹ̀fọ́ pọ̀ sí i, ẹja rọ́pò ẹran ọlọ́ràá, ó sì ń lo hóró oògùn rẹ̀ lẹ́yìn àdúrà òwúrọ̀ láìfo ọjọ́ kan. Bí mo bá dé láti Òṣogbo, mo ń rí i pé ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ ti ń wọlé, ọrùn rẹ̀ sì ti ń hàn. Mo rò pé ohun tí ó le ti kọjá.

N kò rò ti ìlú mọ́ ọn.

Bí ara rẹ̀ ti ń fà, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ń gbilẹ̀. Àwọn obìnrin ṣọ́ọ̀ṣì wá kí i pẹ̀lú uyán gbígbóná nínú kúlà ńlá, ẹran sì kún ọbẹ̀ rẹ̀. Wọ́n gbàdúrà lé e lórí bí ẹni tí ń kú lọ. Èyí tí ó dàgbà jù nínú wọn kò fi ọ̀rọ̀ pa mọ́. Ó yíjú sí ọkọ ẹ̀gbọ́n mi níwájú gbogbo wọn.

“Bàbá, kí ni ẹ ń fún ìyàwó yín jẹ? Àbí ẹ fẹ́ kí ayé máa sọ pé ẹ ń febi pa á ni?”

Bàbá rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n kò jẹun lálẹ́ ọjọ́ náà. Àwọn mìíràn ń sọ ohun tí ó burú ju ìyẹn lọ lẹ́yìn ilé. Ẹ rántí ọ̀rọ̀ tí ó wà lẹ́nu ayé nígbà náà, bí ènìyàn bá ti ń rù, àìsàn kan ṣoṣo ni wọ́n ń fura sí, wọn kì í sì í dárúkọ rẹ̀ sókè. Ìṣòwò pàápàá bẹ̀rẹ̀ sí í mì. Àgbẹ̀ kan láti apá Òṣú béèrè bóyá lóòótọ́ ni pé ó fẹ́ ta òṣùwọ̀n rẹ̀, nítorí ẹni tí ara rẹ̀ bá ń fà, owó rẹ̀ náà ń fà, lójú tiwọn. Gbogbo ìwọ̀nyí ni wọ́n ń ṣẹlẹ̀ tí n kò mọ̀ nítorí pé ìdánwò àṣekágbá dé, n kò lè kúrò ní Òṣogbo fún bí oṣù mélòó kan.

Nígbà tí mo padà lọ, ó ti sanra padà. Bí mo ti rí i nìyẹn. Ojú rẹ̀ ṣì tẹ́ẹ́rẹ́ díẹ̀, ṣùgbọ́n láti àyà sí ìsàlẹ̀, Ìyá Ìjọ ti àtẹ̀yìnwá ni. Ọkàn mi bàjẹ́. Mo rò pé uyán ilé ọ̀fọ̀ ti ṣẹ́gun. N kò lè sọ ọ́ fún un, nítorí pé ẹ̀gbọ́n mi ni, òun náà kò sì sọ nǹkan kan. Ó kàn ní òòyì ń kọ́ òun bí òun bá dìde lójijì, àti pé ọjọ́ tí òun máa rí dókítà ni ọ̀la, kí n bá òun lọ.

Ooru mú ní ọjọ́ náà. Òógùn ń ṣàn lójú ẹ̀gbọ́n mi, ó sì jókòó gbọnrangandan bí ẹni tí ẹ̀yìn ń dùn. Dókítà wọn ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, ó tún wọ̀n ọ́n ní apá kejì. Nọ́ọ̀sì gbé e sórí òṣùwọ̀n. Lẹ́yìn náà téèpù jáde, ó yí ìbàdí ká, dókítà wo ibi tí ó dúró sí, ó sì wo ohun tí ó kọ ní ìgbà àkọ́kọ́. Kò rẹ́rìn-ín.

“Màmá, ẹ̀jẹ̀ yín ti wálẹ̀. Ó tilẹ̀ wálẹ̀ ju bí mo ti fẹ́ lọ. Ìdí nìyẹn tí òòyì fi ń kọ́ yín. Ṣùgbọ́n ìbàdí yín ṣì wà níbi tí ó wà tẹ́lẹ̀, ara yín kò sì fẹ́rẹ̀ẹ́ fúyẹ́ rárá.”

“Ṣé kò dára bẹ́ẹ̀?” mo béèrè.

“Sà, bí ikùn bá ti fà ni, n ó mọ ohun tí ó mú ẹ̀jẹ̀ wálẹ̀, n ó sì dín oògùn kù. Ṣùgbọ́n kò fà. Ohun tí ó wá ń bà mí lẹ́rù ni pé bóyá ọkàn ló ti ń rẹ̀, tí kò lè ti ẹ̀jẹ̀ dáadáa mọ́.” Ó fa ìwé kan sọ́dọ̀. “Mo fẹ́ kí ẹ lọ sí ilé ìwòsàn ńlá ní Ifẹ̀ lónìí. Wọn yóò dá yín dúró, wọn yóò sì wo ọkàn yín dáadáa. Oògùn mìíràn wà tí a lè bẹ̀rẹ̀.”

Mo wo ẹ̀gbọ́n mi. Mo rí i tí ó ń wo òṣùwọ̀n tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ lórí rẹ̀. Mo mọ ojú tí ó fi ń wò ó; ojú tí ó fi ń wo àpò tí kò dún bí ó ti yẹ ni. Ó mọ̀ pé bí òun bá dákẹ́, kò sí ẹni tí yóò mọ̀. Yóò lọ sí Ifẹ̀, ìlú yóò gbọ́ pé àìsàn ńlá ni, kò sì ní ṣàlàyé nǹkan kan fún ẹnikẹ́ni. Dókítà ti fi bírò lé ìwé.

“Ọmọ mi, dúró,” ẹ̀gbọ́n mi wí. “Má kọ ọ́. Ọkàn kọ́ ni. Òkúta wà nínú àpò.”

Ó dìde, ó di ògiri mú nítorí òòyì, ó sì tú ìró àǹkárá tí ó wà lókè. Òfì kan wà lábẹ́ rẹ̀, aṣọ ìgbéyàwó rẹ̀ àtijọ́, tí ó ká sí ìlọ́po ìlọ́po. Ó tú ìyẹn náà. Òfì mìíràn wà lábẹ́ rẹ̀. Nọ́ọ̀sì ń gba aṣọ lọ́wọ́ rẹ̀ títí aṣọ fi bo ojú nọ́ọ̀sì mọ́lẹ̀. Mo kọjú sí ògiri bí ó ti yẹ. Nígbà tí wọ́n ní kí n yíjú padà, obìnrin kan dúró sórí òṣùwọ̀n nínú yẹ̀rì àti bùbá, tí n kò tíì rí irú rẹ̀ láti ìgbà tí mo wà ní ọmọdé, tí ẹ̀gbọ́n mi ń pọ̀n mí.

Dókítà tún fi téèpù yí i ká. Ó fà á títí, ó ń fà á, ó sì wo ibi tí ó dúró sí. Lẹ́yìn náà ni ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu rẹ̀, ẹ̀rín tí ó mú àwọn tí ó wà níta yọjú.

“Màmá! Aṣọ yín fẹ́rẹ̀ẹ́ mú mi tọ́jú àìsàn tí ẹ kò ní!”

“Èmi,” ẹ̀gbọ́n mi ń wí, omi sì wà lójú rẹ̀, “èmi tí mo ń lé àgbẹ̀ padà.”

Ó wá sọ gbogbo rẹ̀ fún wa: kúlà uyán, ọ̀rọ̀ tí wọ́n sọ sí ọkọ rẹ̀, àgbẹ̀ tí ó béèrè bóyá òun fẹ́ ta òṣùwọ̀n. Ó ní òun kò lè fara dà á kí ọkọ òun máa tẹrí ba ní ṣọ́ọ̀ṣì nítorí ohun rere tí ó ń ṣe, bí ó ti ń ru àga tẹ̀ lé òun ní òwúrọ̀. Dókítà kò rẹ́rìn-ín mọ́. Ó di ọwọ́ rẹ̀ mú. “Màmá, oògùn tí mo fún yín, ti ẹni tí ẹ jẹ́ nígbà yẹn ni. Ó ti pọ̀ jù fún ẹni tí ẹ jẹ́ báyìí. Àwọn oníṣẹ́ yẹn ti ń yí ohùn padà, ẹ̀yin lẹ ṣe é.” Ó ya ìwé Ifẹ̀ sí méjì, ó sì kọ oògùn tí ó kéré sí ti tẹ́lẹ̀.

Níta, mo ń wá takisí. Ẹ̀gbọ́n mi ti kó òfì méjèèjì sínú láílọ́ọ̀nù dúdú kan, àǹkárá nìkan ni ó ró, ó sì yí i mọ́ ara ju bí ó ti ń ṣe lọ, nítorí ibi tí ó ti ń dì í tẹ́lẹ̀ kò sí níbẹ̀ mọ́.

“Ẹsẹ̀ ni a ó fi lọ,” ó wí fún mi.

“Ẹ̀gbọ́n mi, gbogbo ìlú ló wà ní ojú ọ̀nà yìí.”

“Ìdí nìyẹn.”

A rìn. N kò tíì bá ẹnikẹ́ni rin ìrìn tí mo fi yangàn tó bẹ́ẹ̀ rí, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé láílọ́ọ̀nù ni mo gbé. Àwọn ènìyàn ń dá ọ̀rọ̀ dúró bí a ti ń kọjá. Obìnrin kan tí ń ta epo pè é láti òdìkejì pé, “Ìyá Ìjọ, ṣé kò sí nǹkan?”

“Nǹkan wà,” ó dáhùn láìdúró. “Mo ti ń mí dáadáa.”

Nígbà tí a wọlé, ọkọ rẹ̀ ń gé igi lábẹ́ àtíbàbà. Ó wò ó láti òkè dé ìsàlẹ̀. Òun ni ó mọ̀ nípa ìró náà láti ìbẹ̀rẹ̀, òun ni ó sì máa ń bá a fa ìdí aṣọ le ní àárọ̀. Ó gba láílọ́ọ̀nù lọ́wọ́ mi, ó kó òfì náà jáde, ó sì sá wọn sórí okùn níwájú ilé, níbi tí gbogbo ẹni tí ń kọjá ti lè rí wọn.

Ẹ̀gbọ́n mi kò fi ọ̀rọ̀ náà mọ síbẹ̀. Ìpàdé àwọn obìnrin ṣọ́ọ̀ṣì tí ó tẹ̀ lé e, ó ní kí wọ́n wá ṣe é ní àgbàlá òun, ó sì ránṣẹ́ pe dókítà. Dókítà wá nínú aṣọ ilé, ó jókòó sórí àpò kòkó pẹ̀lú ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wọn ẹ̀jẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi sọ fún wọn bí ó ti rí, láti orí okùn tí ó di àyà rẹ̀ dé orí ìró mẹ́ta. Ó sọ fún wọn nípa àká tí ń sọ̀rọ̀, ó sì sọ ọ́ dára ju bí èmi tí mo jẹ́ tíṣà ì bá ti sọ ọ́ lọ, torí pé nínú ara òun ni ó ti gbọ́ ọ. Ìgbà tí ó parí, ojú gbogbo wọn wà lára rẹ̀. Adìẹ ń jẹ kòkó, kò sí ẹni tí ó lé e.

Ẹni tí ó dàgbà jù, ẹni tí ó bá bàbá wí, ni ó kọ́kọ́ dìde. Kò tọrọ àforíjì, kì í ṣe irú rẹ̀. Ó kàn rìn lọ síbi òṣùwọ̀n kòkó, ó sì gòkè pẹ̀lú báàgì rẹ̀ lápá.

“Ẹ gbé báàgì sílẹ̀, màmá,” ẹ̀gbọ́n mi wí.

“Báàgì mi ń ṣe yín ní kí ni?”

“N kò ra báàgì. Ẹ yọ gèlè náà pẹ̀lú, ó wúwo tó kòkó orí igi kan.”

Ẹ̀rín tí ó bẹ́ sílẹ̀ ní àgbàlá náà, mo rò pé wọ́n gbọ́ ọ dé ṣọ́ọ̀ṣì. Lẹ́yìn rẹ̀ wọ́n tò sí ìlà, wọ́n ń bọ́ bàtà, wọ́n ń tú owó jáde ní etí ìró, wọ́n ń bú ara wọn. Dókítà ń wọn ẹ̀jẹ̀ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀jẹ̀ àwọn kan ga tí wọn kò mọ̀, màmá oníbáàgì sì wà nínú wọn. Bàbá gbé àga kékeré rẹ̀ jáde fún un kí ó jókòó. Ó jókòó, ó sì béèrè lọ́wọ́ bàbá, ní ohùn tí ó rẹlẹ̀, aago mélòó ni wọ́n ń bẹ̀rẹ̀ ìrìn òwúrọ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi gbé ọ̀pọ̀ ọdún sí i lẹ́yìn ìgbà náà, ó ra kòkó títí ojú rẹ̀ kò fi lè rí òṣùwọ̀n mọ́. Dókítà ti di àgbà nínú iṣẹ́ rẹ̀, ohun tí wọ́n sì ti mọ̀ nípa àwọn oníṣẹ́ inú ọ̀rá báyìí ti ju èyí tí ó sọ fún wa lọ́jọ́ náà lọ fíìfíì, gẹ́gẹ́ bí ó ti sọ pé yóò rí. Èmi náà, nígbà tí mo padà sí kíláàsì ní Òṣogbo, mo kọ “àká” sójú pátákó bí mo ti máa ń kọ ọ́, mo sì kọ “tí ń sọ̀rọ̀” lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, àwọn ọmọ sì bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè ìbéèrè.

Ṣùgbọ́n ìgbà tí mo bá ń ronú nípa ìgboyà, kì í ṣe téèpù ni mo máa ń rántí, kì í sì í ṣe ìrìn tí a rìn láàárín ìlú. Ìṣẹ́jú kékeré yẹn ni, tí bírò dókítà wà lórí ìwé, tí ẹ̀gbọ́n mi ń wo òṣùwọ̀n. Ìró mẹ́ta yẹn ni ó ń bo iyì rẹ̀ àti ti ọkọ rẹ̀. Irọ́ náà ń ṣe é lóore. Síbẹ̀ òṣùwọ̀n ni òun fúnra rẹ̀, kò sì lè jẹ́ kí nǹkan tí kò sí nínú àpò wọlé sínú kíkà, kódà nígbà tí àpò náà jẹ́ tirẹ̀. Mo ti kọ́ ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọmọ, mo sì ti kọ́ wọn ní ọ̀pọ̀ nǹkan. Bí mo bá lè fi ìṣẹ́jú kan ṣoṣo yẹn kọ́ wọn, ì bá tó.